Ahọ́n màmá mi pọ́n, ó ń dán, wọn ò lè fi ata kàn án mọ́

Àbẹ̀kẹ́Mọ́kọ́lá (Ajé, àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Màmá mi ti wà lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn láti ìgbà ọdún Àjíǹde. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún. Ẹni tí kì í pe ọbẹ̀ lọ́bẹ̀ àfi tí ata rẹ̀ bá mú omi jáde lójú, àwọn náà ló ń ní kí n bu tàwọn sọ́tọ̀ báyìí kí n tó fi ata sí i. Wọ́n ní ahọ́n ń ta àwọn, ó ń jó àwọn. Lánàá mo mú wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n yọ ahọ́n síta kí n wò ó lójú oòrùn. Ahọ́n náà pọ́n, ó sì ń dán. Ara ahọ́n tó máa ń rí hágahàga yẹn, tiwọn ti jọ̀lọ̀ láti etí kan dé ìkejì. Igun ẹnu wọn méjèèjì tún ti là.

Mo sọ fún aládùúgbò mi, ló bá fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ya ahọ́n síbẹ̀, wọ́n pín in: ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ ti ọkàn, etí méjèèjì jẹ́ ti ẹ̀dọ̀, àárín jẹ́ ti ikùn, ìdí rẹ̀ jẹ́ ti kíndìnrín. Wọ́n ní ibi tó bá ti pọ́n ni àìsàn wà. Nísàlẹ̀ ni nọ́ńbà ẹni tó ń ta oògùn rẹ̀ wà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo inú màmá mi ló ti bàjẹ́ nìyẹn! Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo metformin fún un, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé òótọ́ ni pé ahọ́n lè sọ ohun tó ń ṣe ènìyàn?

Ọmọ_Alágbo

Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣúgà tó pọ̀ nínú wọn ló ń yọ sí ahọ́n. Ẹ fún wọn lágbo jẹ̀dí fún ọ̀sẹ̀ kan, á wálẹ̀. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ tí ẹ bá fẹ́.

Tíṣà_Ayétòrò

Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, ẹ ní kí wọ́n máa mu àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lé metformin lórí. Ó mà dáa o.

Àbẹ̀kẹ́, àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà ni ìpín rẹ̀ ti wá. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí wọ́n ti ń ya ahọ́n sínú ìwé ìṣègùn níbẹ̀. N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tó bá ń wo ahọ́n lójoojúmọ́ á rí ohun tí ẹlòmíì ò rí. Ṣùgbọ́n pé ṣóńṣó ahọ́n ni ọkàn, ìdí rẹ̀ ni kíndìnrín, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ara.

Irú ẹ̀ kan náà ni èyí tí wọ́n fi kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, pé iwájú ahọ́n la fi ń mọ adùn, ẹ̀yìn la fi ń mọ ìkorò. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hänig ló kọ ọ́ ní 1901 pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà láàárín apá kan ahọ́n sí ìkejì. Ìgbà tí Boring ará Amẹ́ríkà gbé e sínú ìwé tirẹ̀ ní 1942, ìyàtọ̀ díẹ̀ ti di ààlà. Ẹ fi iyọ̀ kan ṣóńṣó ahọ́n yín, ẹ tún fi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ibì kan á ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè. Ó tó ọdún mélòó tí wọ́n ti ń lo metformin? Ṣé ẹsẹ̀ wọn máa ń kú tipiri, tàbí kó máa jó wọn? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹran àti ẹyin? Oògùn wo ni ẹ tún rà fún wọn tí kì í ṣe dókítà ló kọ ọ́?

Àbẹ̀kẹ́Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé, mà. Metformin á tó ọdún mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ ń jó wọn lóru, wọ́n á máa fi sínú omi tútù. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ló fà á. Ẹran ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ti ní àwọn ò jẹ ẹran mọ́, ẹyin náà ò wọnú. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni. Ó ń rẹ̀ wọ́n, mo sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ni ò tó, ni mo bá ra folic acid fún wọn ní kẹ́mísì. Wọ́n tún ń gbàgbé nǹkan, ṣùgbọ́n ìyẹn, mo ní ọjọ́ orí ni.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Èmi kọ́ ni dókítà wọn o, n kò sì rí wọn sójú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yìí, fítámì B12 ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Ojú ahọ́n kì í gbó síbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ń kú, òmíràn ń hù rọ́pò rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibi tí ara bá ti ń yára ṣe ara rẹ̀ lọ́tun bẹ́ẹ̀ ni ebi máa ń kọ́kọ́ hàn sí. Tí B12, folate (fítámì tí folic acid jẹ́ irú rẹ̀) tàbí irin bá wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó hù sórí ahọ́n á rẹ̀ dànù, ahọ́n á jọ̀lọ̀, á máa ta, igun ẹnu á là. Metformin tí ènìyàn bá sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í jẹ́ kí ara rí B12 fà dáadáa látinú oúnjẹ. Ní 2022, àjọ tó ń mójú tó oògùn níbí ní ìlú Ọba kọ̀wé sí gbogbo wa pé kí a máa wo B12 ẹni tó bá ń lò ó tí irú àmì báyìí bá yọ lára rẹ̀. Ara ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà la ti ń rí B12. Kò sí nínú ẹ̀fọ́, kò sí nínú ẹ̀wà. Màmá wá ń lo metformin, wọ́n tún fi ẹran àti ẹyin sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó ń jó wọn yẹn, àtọ̀gbẹ lè fà á lóòótọ́. Àìtó B12 náà ń fà á, àmì wọn sì jọra débi pé àtọ̀gbẹ ni wọ́n sábà máa ń di gbogbo rẹ̀ rù. Ìgbàgbé náà wà lára rẹ̀, kí ẹ má tíì fi gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ orí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni folic acid tí ẹ rà. Tó bá jẹ́ B12 ló wọ́n, folic acid nìkan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dára lójú àyẹ̀wò nígbà tí iṣan ara ṣì ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ má dá metformin dúró fúnra yín o. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ wọn, ẹ ní kó bá yín wo B12, folate àti irin, kó sì wo ẹ̀jẹ̀ wọn bóyá ó tó. Gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, ẹ kó o sínú ọ̀rá kan lọ, títí kan ti kẹ́mísì.

Ọmọ_Alágbo

Ẹ̀yin òyìnbó dúdú, gbogbo nǹkan, àyẹ̀wò, àyẹ̀wò. Àwọn bàbá wa wo ahọ́n, wọ́n mọ ibà.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Wọ́n mọ̀ ọ́n, mi ò jiyàn. Èmi náà ń wò ó. Kódà àwa dúdú ló yẹ kó máa wo ahọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ ní tí afẹ́fẹ́ ò bá tó nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ojú àti ètè rẹ̀ á di búlúù. Lára òyìnbó nìyẹn. Lára tiwa, awọ lè máà sọ nǹkan kan. Ahọ́n àti inú ẹnu ni kí ẹ yà wò. Ahọ́n tó bá di búlúù, tí ẹni náà tún ń mí gúlegúle, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ pàápàá ń tàn wá jẹ. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020: iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà sọ pé kò séwu nígbà tí afẹ́fẹ́ ti lọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó lára àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ìyá_Ìrètí

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ gbọ́. Ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ara rẹ̀ dúdú dáadáa, ojú rẹ̀ ò lè sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ní kílíníìkì ni wọ́n ti kọ́ mi pé kí n máa wo ahọ́n, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀sán ni mo máa ń wò ó o, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù, nítorí iná pupa yẹn máa ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan dà bíi pé ó dáa. Tí ahọ́n rẹ̀ bá ti ṣì, tó funfun ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ọ̀nà ilé ìwòsàn ni.

Ṣẹ́gun_Ṣàṣá

Tèmi funfun báláú ni láràárọ̀. Wọ́n ní tífọ́ọ̀dù ni. Mo ti gba abẹ́rẹ́ tífọ́ọ̀dù, mo ti gba, kò lọ. Ẹnu mi á sì máa korò.

Ehín_Kúnná (mo ń ṣiṣẹ́ níbi ìtọ́jú eyín, Ifẹ̀)

Ṣé ibà ń ṣe yín? Ṣé inú ń run yín?

Ṣẹ́gun_Ṣàṣá

Rárá o. Ara mi dá ṣáṣá.

Ehín_Kúnná

Kí ni ẹ wá ń gba abẹ́rẹ́ tífọ́ọ̀dù fún? Ahọ́n ẹni tí tífọ́ọ̀dù ń ṣe máa ń funfun láàárín lóòótọ́, etí rẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n ibà tó gbé ènìyàn dè fún ọjọ́ púpọ̀ ló ń bá a rìn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá tí ahọ́n rẹ̀ funfun láàárọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni awọ tó ti kú, ìdọ̀tí oúnjẹ àti kòkòrò ẹnu. Ẹni tó ń la ẹnu sùn máa ń ní in, ẹni tí kì í mu omi tó náà máa ń ní in, ẹni tó ń mu sìgá ní tirẹ̀ máa ń ní in gan-an. Itọ́ ló ń fọ ahọ́n, tí itọ́ bá gbẹ, ó di. Nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹnu, ẹ máa ha ahọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ má fi bó o. Ìyá mi àgbà máa ń la pákò tí wọ́n bá rin tán sí méjì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ha tiwọn. Ahọ́n wọn mọ́ ju tèmi tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé gba oògùn apakòkòrò láìnídìí. Ó ń pa kòkòrò tó yẹ kó wà lẹ́nu, olú (èyí tí wọ́n ń pè ní fungus) á wá gba ipò wọn. Àwọn kan tiẹ̀ ń lò ó títí ahọ́n wọn á fi dúdú, táá máa hu nǹkan bí irun. Ó ń dẹ́rù bani láti wò, ṣùgbọ́n tí oògùn àti sìgá bá dúró tí a sì ń ha á, ó ń lọ.

Màmá_Tèmídayọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, oṣù méjì, funfun wà lórí ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi oyin pa á.

Ìyá_Ìrètí

Oyin kẹ̀! Ẹ má fi oyin kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan o. Kòkòrò kan ń gbé inú oyin tó lè rọ ọmọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀.

Ehín_Kúnná

Ẹ gbọ́ tiwọn, mà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù nínú omi nu ahọ́n rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Tó bá jẹ́ wàrà ọmú ni, á kúrò. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, tí abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ olú ẹnu. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọ ọwọ́, oògùn kan ń bẹ tí wọ́n máa ń kán sí i lẹ́nu. Kí wọ́n wo orí ọmú yín náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ́ máa kó o fún ara yín lọ-bọ̀.

Tó bá wà lẹ́nu àgbàlagbà, à ń bi í léèrè. Ṣé ó ń fa oògùn ikọ́ fée sẹ́nu, tí kì í sì í fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ń bá a sùn? Tí kò bá sí ìkankan nínú wọn, a ó ní kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, kó sì yẹ HIV wò. Kì í ṣe èébú, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.

Jídé_Houston

Ti èmi yàtọ̀. Ahọ́n mi máa ń bó lójú-lójú, ojú ibẹ̀ á pọ́n, etí rẹ̀ á funfun. Tó bá wà lápá ọ̀tún lónìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti kó lọ sápá òsì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ti ń ronú ẹni tí màá fi ilé mi sílẹ̀ fún. Dókítà eyín rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó kàn máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀ ni, kì í ranni, kì í di jẹjẹrẹ. Ata àti ọsàn nìkan ló ń jẹ́ kí n rántí pé ó wà níbẹ̀.

Dúpẹ́Orí

Àmì dúdú wẹ́wẹ́ ló wà lórí tèmi láti kékeré. Àwọn ará ilé ọkọ mi kì í jẹ́ kí n bínú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá dúdú, ohun tó bá sọ máa ń ṣẹ 😂

Ehín_Kúnná

Ohun tó ń sọ awọ wa di dúdú náà ló wà níbẹ̀, ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa dúdú. Èyí tí ẹ bí mọ́ra tàbí tó ti wà tipẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lágbà, tó ń tóbi sí i, ẹ fi hàn wá. Ẹ má sì sọ fún ilé ọkọ o.

Bàbá_Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti ń ka tiyín láti àárọ̀. Èmi máa ń lá aáṣà, ó ti pẹ́. Ojú funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n mi lápá òsì, kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Mo fi pákò ha á, kò kúrò. Ṣùgbọ́n kò dùn mí rárá, nítorí náà mo fi í sílẹ̀.

Ehín_Kúnná

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ ogbó. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má fi í sílẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ láti òkè wá, tiyín ni mo fẹ́ kó yá jù. Funfun tó bá ṣeé ha kúrò, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tàbí olú ni. Funfun tí a ha tí kò kúrò, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, lẹ́nu ẹni tó ń lá aáṣà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀ kì í di nǹkan kan. Àwọn kan ń di jẹjẹrẹ, ojú lásán ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n gan-an ni jẹjẹrẹ ahọ́n ti wọ́pọ̀ jù. Pé kò dùn yín kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí kì í tètè dunni. Ìgbà tó bá ń dunni tó ń mú etí, ó ti pẹ́. Wọ́n á pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n á gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ lọ sí ẹ̀ka eyín ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin yòókù, egbò ẹnu tí eyín ṣá tàbí tí oúnjẹ gbígbóná fà á máa ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pàápàá tí ẹ bá fọwọ́ kàn án tó le, ẹ má dúró wo ìkẹrin. Tábà àti ọtí líle papọ̀ burú ju kí ènìyàn mu ọ̀kan nínú wọn lọ.

Tíṣà_Ayétòrò

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. Bí bàbá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣàdédé ni ọ̀rọ̀ ń lọ́, a ní kí wọ́n yọ ahọ́n, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnu wọn ti yí díẹ̀. A ò dúró wá òróró ìfipara, ọkọ̀ la gbé wọn sí. Rọpárọsẹ̀ ni.

Àbẹ̀kẹ́Mọ́kọ́lá (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin ará ilé, mo padà dé. Dókítà kọ́kọ́ fẹ́ kọ oògùn ìrora ẹsẹ̀ nìkan fún wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi wo B12. A lọ sí ibi àyẹ̀wò aládàáni, owó rẹ̀ dùn mí. Èsì dé: B12 wọn lọ sílẹ̀ gidi. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ahọ́n lè tètè sàn, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ máa pẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa padà. Mo bi wọ́n nípa metformin, wọ́n ní kí a máa lò ó lọ, àwọn á máa wo B12 lóòrèkóòrè. Màmá ti gbà láti máa jẹ ẹja, wọ́n ní ẹran ni àwọn ò tíì dárí jì. Lánàá wọ́n ní kí n fi ata rodo ẹyọ kan sí ọbẹ̀ àwọn.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Mo dúpẹ́. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa abẹ́rẹ́ jẹ tí ahọ́n bá ti sàn o.

Bàbá_Ìṣẹ́yìn

Mo ti lọ. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Wọ́n ní kí n padà wá gba èsì lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n kó aáṣà dànù.

Ehín_Kúnná

Ẹ ṣé, Bàbá! Ẹ gbé e fún ọmọ yín kó bá yín dà á nù, kó má baà máa wù yín.

Bàbá_Ìṣẹ́yìn

Èwo nínú wọn? Èyí tó ń bá mi gbé náà ń lá a.

Ehín_Kúnná

Ẹ mú un dání wá lọ́jọ́ Ẹtì, sà. Kí wọ́n wo tirẹ̀ náà.